Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan Kiri Èkìtì: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí àti Ìdáhùn Wọn

Ọmọ Èkìtì ni mí, Adó ni mo sì fi ṣe ibùgbé. Kò sí ọdún tí ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ láti Èkó, Ìbàdàn, Àbújá tàbí ìlú Ọba kì í pè mí pé àwọn fẹ́ wá ṣeré ní Èkìtì, kí n júwe ọ̀nà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n sábà máa ń bi mí, nítorí náà mo kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ síbí. Mo fẹ́ràn ilẹ̀ yìí gan-an ni, ẹ ó sì rí i nínú ọ̀rọ̀ mi.

Èkìtì kéré o. Ṣé ohun tí èèyàn lè wò wà níbẹ̀?

Ó kéré lóòótọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba ìbílẹ̀ 16 péré ló sì ní. Àmọ́ ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: àwọn àgbà ní ara okìtì ló ti wá, ilẹ̀ olókìtì, ilẹ̀ olókè. Àwọn òkè wọ̀nyí ló pín wa sí ìlú-ìlú. Kò sí ọba kan tó jẹ lé gbogbo Èkìtì lórí rí. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní adé tirẹ̀, òrìṣà tirẹ̀, ọdún tirẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀. Ẹ wakọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ ti kúrò lábẹ́ ọba kan bọ́ sábẹ́ òmíràn nìyẹn.

Kíkéré rẹ̀ ló jẹ́ kó dùn ún rìn. Ẹ lè jí ní Adó, kí ẹ lọ wẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ jẹ iyán ọ̀sán lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ti jí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ mélòó ni kí n yọ sílẹ̀ fún un?

Ọjọ́ mẹ́ta dára. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ mú apá kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Àwọn àlejò tí mo rí tí wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ kan rí Ìkógòsì, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìrè, inú ọkọ̀ ni wọ́n lo ọjọ́ náà tán. Wọ́n dé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbéra. Ó máa ń dùn mí fún wọn.

Bí mo ṣe ń pín in nìyí: apá ìwọ̀-oòrùn lọ́jọ́ kan, ìyẹn Ìkógòsì, Àrìǹtà àti Ẹ̀fọ̀n, apá gúúsù lọ́jọ́ kejì, ìyẹn Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀, apá àríwá lọ́jọ́ kẹta, ìyẹn Ọ̀yẹ́, Ìrè àti Ìṣàn. Adó fúnra rẹ̀ gba ìrọ̀lẹ́ kan.

Báwo ni mo ṣe máa dé ibẹ̀?

Láti Èkó tàbí Ìbàdàn, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà ni kí ẹ gbà, kí ẹ gba Ẹ̀fọ̀n jáde sí Ìtàwúrẹ́, lẹ́yìn náà Àrámọ̀kọ, Ìgẹ̀dẹ̀, Ìyìn, ẹ ti wọ Adó. Àwọn tó bá ń bọ̀ láti Àbújá máa ń gba Lọ́kọ́ja àti Kàbà wọlé láti apá Òmùò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù lè balẹ̀ sí Àkúrẹ́, kó wọ ọkọ̀ gba Ìkẹ́rẹ́ wá sí Adó. Ọ̀nà yẹn kò jìn, àmọ́ ẹ bi awakọ̀ bí ojú títì ṣe rí lásìkò yẹn, nítorí òjò kan lè ba ibi tó dára lánàá jẹ́.

Láàárín Adó, kẹ̀kẹ́ Màrúwá àti ọ̀kadà pọ̀. Fún Ìkógòsì àti Àrìǹtà, bí ẹ ò bá ní mọ́tò, ẹ háyà ọkọ̀ kan fún gbogbo ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ẹlẹ́rò á gbé yín lọ o, àmọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ padà nírọ̀lẹ́, ẹ lè dúró títí kí ẹ má rí ọkọ̀ kankan.

Ṣé òótọ́ ni pé omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pọ̀ ní Ìkógòsì?

Òótọ́ ni, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ ara yín mọ̀ ọ́n. Ìsun méjì ló wà nínú igbó náà. Ọ̀kan ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, èkejì tutù nini. Oníkálùkù ń ṣàn lójú ọ̀nà tirẹ̀ lábẹ́ igi ńláńlá títí wọ́n fi pàdé. Níbi tí wọ́n ti pàdé yẹn ni gbogbo èèyàn ti máa ń bọ́ bàtà. Ẹ ki ẹsẹ̀ kan bọ apá ọ̀tún, kí ẹ ki èkejì bọ apá òsì, ẹ ó rí i pé omi méjèèjì ti fara kanra, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kan ń móoru, ọ̀kan ń tutù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá mi mú mi lọ, mo wà ní kékeré, mo rò pé àwọn kan ń dáná sábẹ́ ilẹ̀. Mo tún yí lọ sẹ́yìn àpáta, mo ń wá èéfín.

Kò sí iná kankan. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta sọ ni pé omi òjò ló ń gba inú àpáta tó sán rì lọ sísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń jìn sí i ló ń gbóná sí i, nígbà tí omi náà bá tún rí ọ̀nà gba inú pàlàpálá àpáta gòkè padà, ó ti gbé ooru ìsàlẹ̀ dání. Ìdí nìyẹn tó fi ń móoru tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn ará ibẹ̀ ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní ìyàwó ọkùnrin kan ni omi méjèèjì. Ìyáálé àti ìyàwó kò rẹ́, ọ̀kan nínú ara gbóná, ọ̀kan nínú ara tutù, ìjà wọn pọ̀ débi pé wọ́n di omi. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ibi tó parí sí: pẹ̀lú gbogbo ìjà yẹn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń lọ títí di òní. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan níbẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ ní kó sọ ọ́ fún yín fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yàtọ̀ láti ẹnu sí ẹnu.

Òyìnbó ajíhìnrere kan láti Amẹ́ríkà, John McGee ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni wọ́n sọ pé ó jẹ́ kí òkìkí omi náà kàn kọjá àgbègbè wa ní ọdún 1952. Àwọn ọmọ ìlú ti mọ omi wọn tipẹ́tipẹ́ kó tó dé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìyẹn. Omi inú ike tí wọ́n ń pè ní Gossy, ara orúkọ Ìkógòsì ni wọ́n ti mú un.

Ṣé mo lè lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀? Wọ́n ní omi náà ń wo àrùn.

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹ mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àti táwẹ́ẹ̀lì yín dání láti ilé. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ dé ibẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ òkè á máa gé èèyàn létí, omi á máa rú èéfín díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ ọdún, orin á ti máa dún, èrò á ti kún.

Ní ti ìwòsàn, àwọn èèyàn ń bu omi náà lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́, mi ò ní ba ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó máa ń tu iṣan tó ti wú lára. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, kó lọ sí ọsibítù.

Àrìǹtà ń kọ́? Ṣé ó yẹ kí n fi kún un?

Ó yẹ. Ìpólé-Ìlórò ni ọ̀sọọ̀rọ̀ omi náà wà, kò jìnnà sí Ìkógòsì rárá, ẹ lè fi ọjọ́ kan wo méjèèjì. Orí àpáta ni omi ti ń já bọ̀ ní ìpele-ìpele láàárín igbó. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Sílípáàsì ni mo wọ lọ lọ́dún kan, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí òkúta tó hu ewéédò, mo fi ìdí lélẹ̀, fóònù mi sì kó sómi. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá wọ sílípáàsì, mi ò ní mú un gòkè. Ẹ mú ọmọ ìlú kan tó mọ ojú ọ̀nà, kí ẹ sì fún un ní owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Òun ló mọ òkúta tó ń yọ̀ àti èyí tí kì í yọ̀.

Ọ̀sọọ̀rọ̀ omi Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, ṣé Èkìtì ló wà?

Rárá, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Olúmirìn lorúkọ omi náà. Àmọ́ ààlà ni, òkè kan náà ló so ọ́ mọ́ Ẹ̀fọ̀n, nítorí náà ẹni tó bá ń bọ̀ láti Iléṣà lè yà síbẹ̀ kó tó wọ Èkìtì. Ìpele méje ló ní. Ìpele àkọ́kọ́ ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìpele keje, kó má fi Ìkógòsì kún ọjọ́ yẹn.

Kí ló wà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè?

Ìyá mi bí mi sí i, nítorí náà ẹ mú sùúrù fún mi. Orí òkè ni ìlú náà jókòó sí, títì rẹ̀ ń lọ́ bí ejò láàárín àpáta, bí ẹ bá sì dúró létí ọ̀nà ní àárọ̀, ẹ ó rí ìkúukùu nísàlẹ̀ yín. Ìlú oníṣọ̀nà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀, ẹni tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ń wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí ibojì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì tí ìsọjí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà ní ọdún 1930, tó sì gbilẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Ọdún 1959 ló kú, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí. Ibi àdúrà ni, kì í ṣe ibi àríyá. Ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ má pariwo.

Wọ́n ní òkè Ìkẹ́rẹ́ ni kí n lọ wò. Kí ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀?

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, òkè náà ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Àpáta ńlá méjì ni, Olóṣùnta àti Òròlẹ̀, wọ́n ga fíofío lókè ìlú débi pé ilé alájà dà bí páálí ìṣáná lábẹ́ wọn. Ilé ayé kò ní kó ohun tó tóbi bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé èèyàn kó má sọ ọ́ di ohun ọ̀wọ̀. Òrìṣà ni Olóṣùnta fún àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn tó ń bọ ọ́ ló mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ àjèjì lè tẹ ibẹ̀ àti ìgbà tí kò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe dá gùn ún. Ẹ lọ sí ààfin, ẹ béèrè, wọ́n á fún yín lẹ́ni tó máa mú yín lọ.

Ẹni tí kò bá lè gun òkè kò pàdánù. Ẹ wá ibi tẹ́jú kan nírọ̀lẹ́, kí ẹ kàn wo bí oòrùn ṣe ń pa àpáta náà láró. Ó máa ń pọ́n, á di bí eérú, lẹ́yìn náà á dúdú. Mo ti mú àlejò kan wá síbẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ fún odindi ìdajì wákàtí.

Ta ni Ọlọ́wẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi ń dárúkọ rẹ̀ ṣáá?

Nítorí pé kò sí agbẹ́gilére Yorùbá kan tí ayé mọ̀ tó o, síbẹ̀ ọmọ wa púpọ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Wọ́n bí i ní Ẹ̀fọ̀n, ó lọ gbé ní Ìsẹ̀, ó ń gbẹ́ igi fún Àrínjalẹ̀, ọba ìlú náà. Òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ọba mìíràn ń ránṣẹ́ pè é. Ọ̀kan nínú wọn ni Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ẹni tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún sí ààfin, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Lára ilẹ̀kùn náà, ó gbẹ́ ọba tó jókòó pẹ̀lú adé, ó tún gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí wọ́n gbé wá bá a. Ère rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ igi. Wọ́n máa ń yọ síta bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ kí wọ́n máa rìn lọ.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnu ya àwọn òyìnbó. Wọ́n fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ṣe níkẹyìn: wọ́n ṣe àga ọba kan fún un nílẹ̀ òyìnbó, ilẹ̀kùn sì di ti British Museum títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin náà wà ní Chicago, ní Amẹ́ríkà: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀ gàgàrà. Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938.

Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago ní pàtàkì. Ohun Ìkẹ́rẹ́ wà nítòsí yín. Ẹ lọ wò ó níbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ wá sílé wá wo òkè tí wọ́n ti gbé e kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ara mi kì í lélẹ̀ tí mo bá dúró ní ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí mo ń ro ibi tí ilẹ̀kùn yẹn wà.

Ìsẹ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ́?

Ẹ yà síbẹ̀ kí ẹ kí ààfin. Igbó ọba kan tún wà ní àgbègbè náà tí àwọn ìnàkí ṣì ń gbé, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ń já wọ̀ ṣeré. Láìsí àwọn aṣọ́gbó, ẹ má wọ̀ ọ́.

Kí ni mo lè ṣe ní Adó bí mo bá ní ìrọ̀lẹ́ kan péré?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọgbà Fájuyì. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó tí wọ́n bí ní 1926, ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀gágun Ironsi, olórí orílẹ̀-èdè, ni àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1966 tí àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ fi wá mú un. Ohun tí gbogbo ilé Yorùbá ń sọ ni pé Fájuyì kọ̀ láti yọwọ́ lọ́rọ̀ àlejò rẹ̀, wọ́n sì jọ pa àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ ìtàn náà níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sí ọjà Ọba, kí ẹ sì wo ààfin Ewì, ọba Adó, lókèèrè tàbí kí ẹ wọlé bí wọ́n bá gbà yín. Bó bá bọ́ sí oṣù kẹjọ, ẹ béèrè ọdún Ùdìrókò, ọdún tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ igi ìrókò, tí gbogbo ìlú máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ìtàn ẹ̀kọ́ lè gun òkè Àgídímọ̀ lọ wo Christ's School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi ń ki Èkìtì, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ di ìwé mú.

Ṣé Ìrè tí wọ́n ń dá mọ́ Ògún lórúkọ wà lóòótọ́?

Ó wà, Ìrè-Èkìtì ni, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́. Ẹ gba Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́, kí ẹ yà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìjálá mọ ìlà yẹn: "Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀." Wọ́n ní ó bá àwọn èèyàn níbi ìpàdé kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé akèrègbè ẹmu, òfìfo ni. Inú bí i, ó fa idà yọ, ó sì fi pa wọ́n. Nígbà tó mọ ohun tó ṣe, ó fi idà gúnlẹ̀, ó sì wọlẹ̀.

Ojúbọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá láti Brazil tàbí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Ogum tàbí Oggún, tó sì dé Ìrè, kò ní gbàgbé ọjọ́ náà láéláé. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọlé, ẹ má ya fọ́tò láìbéèrè. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù ibẹ̀ nítorí ẹ̀sìn wọn. Kò sẹ́ni tó máa fi ipá mú yín bọ nǹkankan. Ìtàn baba yín lẹ wá gbọ́.

Mo gbọ́ pé ogun Kírìjì kan Èkìtì. Ibo ni mo ti lè rí i?

Òkè-Mẹ̀sí ni kí ẹ lọ, ẹ lè yà síbẹ̀ láti Ìtàwúrẹ́. Fábùnmi, akọni Òkè-Mẹ̀sí, ló pa àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó ń fayé ni àwọn ará ìlú rẹ̀ lára. Bí Èkìtìparapọ̀, àjọṣe àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà láti bá Ìbàdàn jà, ṣe dìde nìyẹn, tí Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì wá ṣe olórí ogun wọn. Láti 1877 ni ogun náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ìró àgbá tó ń dún láàárín òkè ló fún un ní orúkọ. Bí ẹ bá dúró láàárín àwọn òkè yẹn tí ẹ pariwo, tí ohùn yín sì padà wá bá yín, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Kí ni màá jẹ?

Iyán. Àwọn àgbà ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Ní Èkìtì, kì í ṣe òwe lásán. Ẹ wá bùkà tí ẹ ti ń gbọ́ kì-kì-kì ọmọ odó láti títì. Bí ẹ ò bá gbọ́ ìró odó, ẹ rìn síwájú díẹ̀. Iyán tí wọ́n gún lójú yín máa ń fà, kì í ní kókó, ó sì máa ń jó ọwọ́ díẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀fọ́ rírò ni mo fẹ́ràn jù pẹ̀lú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tàbí ẹran ewúrẹ́. Oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, nígbà tí iṣu tuntun ti dé, ẹ béèrè bóyá tuntun ni tàbí ògbólógbòó. Iṣu ògbólógbòó ló ń fún iyán tó dára jù, iṣu tuntun rọ̀ jù. Àwọn kan á bá mi jiyàn lórí èyí, àmọ́ ẹ bi ìyá tó ń gún un.

Ẹmu tòótọ́, ẹ mu ún láàárọ̀, nígbà tó ṣì dùn. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án.

Ṣé mo lè mú àwọn ọmọdé àti màmá mi tó ti dàgbà dání?

Ìkógòsì dára fún wọn, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣeé rìn. Adó náà dára. Àrìǹtà àti òkè Olóṣùnta kì í ṣe fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Bí mo bá mú àwọn màmá dání, mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ létí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú àga, ẹ̀pà àti ẹnìkan tí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀, kí àwa ọ̀dọ́ tó lọ sí Àrìǹtà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dá sún mọ́ omi.

Ìgbà wo lọ́dún ló dára jù?

Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀sọọ̀rọ̀ omi tó kún, kó wá láti oṣù keje sí ìkẹwàá, kó sì fara da ẹrẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òkè àti ọ̀nà gbígbẹ, oṣù kọkànlá sí ìkejì. Ìkógòsì kò ní ìgbà tí kì í dùn.

Ọ̀rọ̀ ààbò ń kọ́? Ẹ má pa irọ́ fún mi.

Mi ò ní pa á. Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà nílẹ̀ wa, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbé. Ó dun gbogbo wa wọra. Mo ṣì ń rìnrìn àjò, mo ṣì ń mú àlejò kiri, àmọ́ mo ní òfin: a kì í rìn lóru, a kì í gba ọ̀nà igbó tí èrò kò pọ̀ níbẹ̀, a máa ń bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì lọ́jọ́ náà gan-an, a sì máa ń sọ ibi tí a ń lọ fún ẹnìkan nílé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń kúrò ní Ìkógòsì, bó ti wù kó dùn tó.

Èló ni kí n mú dání?

Owó ìwọlé máa ń yí padà, ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú owó bébà dání fún àwọn tó ń mú yín gun òkè àti fún oúnjẹ, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fìgbà gbogbo dúró láàárín àwọn òkè, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé POS.

Báwo ni mo ṣe máa hùwà bí mo bá wọ ààfin?

Ọkùnrin á ṣí fìlà, á dọ̀bálẹ̀. Obìnrin á kúnlẹ̀. Ẹ ní "Kábíyèsí". Ẹ má na ọwọ́ sí ọba pé ẹ fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní obì àti ọtí dání, ó dára. Bí ẹ ò bá ní, ìkíni tó dára ti tó. Àwọn ìjòyè ló máa ń kọ́kọ́ gba àlejò, wọ́n á sì sọ ohun tó kàn. Wọ́n máa ń yọ̀ gan-an tí ọmọ tó dàgbà sí òkè òkun bá gbìyànjú láti fi Yorùbá kí wọn, kódà bó bá ṣì í sọ.

Kí ni kí n rà lọ sílé?

Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀, tí òórùn rẹ̀ nìkan ti tó ọbẹ̀. Iṣu lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ná an dáadáa. Epo pupa. Bí ẹ bá dé Ìṣàn ní apá àríwá, ẹ ra ìkòkò amọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń mọ ọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, iná ni wọ́n fi ń sun ún. Ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ má gbé e sí búùtù. Èyí tí mo rà fún ìyá mi ti lé lọ́dún mẹ́wàá, omi inú rẹ̀ ṣì ń tutù jù ti fíríìjì lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn.